Ọ̀bẹ Tí Mo Bẹ̀bẹ̀ Fún Lọ́wọ́ Màámi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ pé èmi àti Màámi nìkan ló ṣẹ́kù sínú ilé oníyàrá mẹ́fà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lábẹ́ ọ̀run: ọ̀bẹ. Kì í ṣe bàtà, kì í ṣe aṣọ ọdún. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó gbágùúdá ni, tí irin rẹ̀ kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lónìí, bí ẹ bá fẹ́ ọ̀bẹ, ẹ ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó mú èyí tó wù yín, ó parí. Tèmi gba ọ̀sẹ̀ tí n kò lè kà mọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fọ̀.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ là ń gbé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Ó ní ilé mìíràn níbẹ̀, ó sì ní ìyàwó mìíràn nínú ilé náà. Bí Kérésìmesì bá dé, á wá pẹ̀lú búrẹ́dì, á sùn ọjọ́ mẹ́ta, á lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin méjì. Èyí àgbà ti lọ sí Èkó, èyí tó tẹ̀lé e ti bá ọkọ lọ sí òkè Ọya. Lẹ́tà èyí àgbà máa ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti èkejì kì í dé. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Bí Màámi bá ro ẹ̀bà, abọ́ kan náà la fi ń jẹ ẹ́. Bó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, èmi ló ń sọ ọ́ fún. Bí n kò bá sí nílé, ewúrẹ́ ló ń gbọ́. Àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó gba àárín wa kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí nígbà náà, torí ó ti parẹ́. Lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ gbágùúdá, igi máńgòrò ńlá kan wà. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò wa ti ń ṣe àáró. Lónìí, wọn á bá ọ bó gbágùúdá tìrẹ. Lọ́jọ́ mìíràn, ìwọ náà á bá wọn bó tiwọn. Wọn á da gbágùúdá jọ bí òkìtì, wọn á jókòó yí i ká lórí àpótí, ọ̀bẹ á máa ṣiṣẹ́, ẹnu á sì máa ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó gbọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa àlọ́ tí wọn kì í pa fọ́mọdé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín títí ẹlòmíràn á fi ju ọ̀bẹ sílẹ̀, tí á fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

Ṣùgbọ́n òfin wà. Ẹni tí kò bá ní ọ̀bẹ tirẹ̀ kò lè jókòó, wọn kì í sì í yá ara wọn lọ́bẹ. Ọmọbìnrin kì í fúnra rẹ̀ ra ọ̀bẹ; ìyá rẹ̀ ni yóò rà á, yóò fi lélẹ̀ níwájú rẹ̀, òun yóò sì mú un nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ti di ẹni tí wọ́n ń kà mọ́ àwọn obìnrin. Àwa tí a kò ní ọ̀bẹ, èèpo là ń kó lọ fún ewúrẹ́, omi là ń bù wá fún àwọn tó ń bó. Bí a bá dúró pẹ́ jù, ẹnìkan á ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí etí yín ò tó. Ẹ máa lọ." A ó lọ. Ẹ̀rín á bú sẹ́yìn wa.

Màámi kì í lọ sábẹ́ igi náà mọ́. Ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, nígbà tí mo ṣì kéré gan-an. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ń dá bó tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ kan ṣoṣo tó ní, èyí tó fi rọ́bà dúdú wé èèkù rẹ̀, tí wọ́n ti pọ́n irin rẹ̀ títí ó fi tín-ín-rín.

Ọdún tí mo pé mẹ́rìnlá, gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti gba ọ̀bẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo tó kù tí a jọ ń bu omi, ìyá rẹ̀ ra tirẹ̀ fún un lọ́jọ́ Sátidé kan. Nígbà tó di Mọ́ńdè, tí a ti ilé ìwé dé, mo ń kó èèpo kọjá, mo rí i láàárín àwọn ìyá, ó na ẹsẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ó wò mí, ó ní, "Arábìnrin, bá wa bu omi wá." Arábìnrin! Èmi tí a jọ lọ jí máńgòrò ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá! Mo bu omi náà wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ọ̀bẹ fún mi."

Ó ń ṣa ewé gbúre lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Ọ̀bẹ kẹ̀? Ta lo fẹ́ gún?"

"Gbágùúdá ni mo fẹ́ máa bó."

"Èyí tí mò ń bó níbí ńkọ́? Ṣé ó kọ̀ láti di gàrí ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mo tún dé ibẹ̀. Ó ní ọwọ́ mi ṣì rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní àwọn alágbẹ̀dẹ ìsinsìnyí kò mọ irin í lù mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí n kọ́kọ́ gba ipò kìíní nílé ìwé. Ipò kejì ni mo gbà. Mo gbé ìwé èsì náà wá bá a, mo ní, "Màámi, ipò kejì ńkọ́?" Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní, "Ọ̀bẹ pákó ni wọ́n ń rà fún ipò kejì." Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé ó jí ẹ̀rín náà ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Bí mo bá ti jẹun ọ̀sán tán, màá gbé àpótí, màá jókòó tì í lẹ́yìnkùlé, màá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Bó bá ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun, màá ní oorun kọ́ ni mo bá wá, ọ̀bẹ ni. Nígbà mìíràn, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn kí n lè gbàgbé ohun tí mo bá wá: bí wọ́n ṣe wá tọrọ òun lọ́wọ́ àwọn òbí òun, bí òun ṣe sọnù sínú oko kòkó nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí òun rìn rìn rìn tí òun kò gbóhùn ẹnikẹ́ni. Ìtàn oko kòkó yẹn máa ń gùn, Màámi sì máa ń dá a dúró láàárín kó lè lọ wo iná. Màá dúró dè é kó padà, màá ní, "Ó dára, Màámi. Ọ̀bẹ náà ńkọ́?"

Mo bẹ ìyá àgbà kan kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Òun ni olórí àwọn obìnrin abẹ́ máńgòrò, arúgbó tí eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, tó sì ń fi márààrún bú gbogbo ayé. Agbo ilé tí wọ́n fẹ́ Màámi sí ni òun náà wà, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní ìyàwó.

"Ìyàwó, ọmọ yìí ti ga jù ọ́ lọ, o ṣì ní kó máa sá tẹ̀lé ewúrẹ́."

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọ̀bẹ tó wà nílé ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Ọ̀bẹ wo? Èyí tó ti dà bí abẹ́rẹ́ yẹn? Ṣé gbágùúdá lo fi ń bó ni, àbí aṣọ lo fi ń rán?"

Màámi rẹ́rìn-ín. Ó fún un lómi mu, ó fún un ní àgbàdo sísè, ó sìn ín dé ojú ọ̀nà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó padà, ó jókòó ti gbágùúdá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò mú ọ̀kan.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tí mo ṣe. Ọjọ́ Sátidé ni, wọ́n ń bó gbágùúdá ìyá ọ̀rẹ́ mi yẹn. Màámi ti lọ fọ aṣọ lódò. Mo rí ọ̀bẹ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Mo sọ fún ara mi pé bí àwọn ìyá bá ti rí bí ọwọ́ mi ṣe yá tó, àwọn fúnra wọn ni yóò dá Màámi lẹ́bi. Mo mú ọ̀bẹ náà, mo gbé àpótí lérí. Mo dé abẹ́ igi, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo wá àyè láàárín àwọn méjì, mo jókòó, mo sì mú gbágùúdá kan.

Ẹ̀rín tí mo bá lẹ́nu wọn dúró bí ìgbà tí epo tán nínú ẹ̀rọ. Ọ̀bẹ wọn náà dúró. Mo gbójú sókè. Èèkù tó wà lọ́wọ́ mi ni gbogbo wọn ń wò, rọ́bà dúdú tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

"Nígbà wo?" Ìyá àgbà ló béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Nígbà wo kí ni, ìyá?"

"Nígbà wo ló kú?"

N kò mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń lé kúrò nídìí ọ̀rọ̀, níbo ni yóò ti gbọ́ gbogbo òfin? Ní abẹ́ igi yẹn, ìgbà kan ṣoṣo ni ọmọ ń mú ọ̀bẹ ìyá rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ tí ìyá bá kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin á mú ọ̀bẹ náà wá, á jókòó sí àyè rẹ̀ láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń túfọ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀bẹ, wọ́n ti gbọ́.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti ká ọwọ́ lérí. Ẹnìkan bú sẹ́kún. "Obìnrin tó ń dá wà yẹn! A ò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ wò lóṣù yìí!"

Ẹlòmíràn ní, "Oṣù yìí kẹ̀? Lọ́dún yìí ni kí o wí."

Mò ń kígbe pé odò ló lọ, aṣọ ló lọ fọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló gbọ́. Ó fò dìde, ó sáré gba ọ̀nà odò. Kò pẹ́ tí a fi rí Màámi tó ń bọ̀, bàsíà aṣọ tútù lórí rẹ̀, omi ń kán sí i lọ́rùn. Ó ń rìn bó ṣe máa ń rìn, kò yára.

Ó sọ bàsíà kalẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọ̀bẹ, ó wo omijé lójú àwọn obìnrin, gbogbo rẹ̀ yé e. Mo ti ń retí ìfọ́tí. Kò fọ́ mi létí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni pé àná ló kúrò níbẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó mú un. Ó ní kí n dìde. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Ìyá àgbà ní, "Ìyàwó, o wà láàyè."

"Mo wà láàyè, ìyá. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jinlẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí òkìtì fi lọ sílẹ̀. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn, tí kò ní ibi kankan lọ́kàn, béèrè pé, "Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ti Èkó, ṣé ẹ ń gbúròó rẹ̀?"

"Ó wà dáadáa."

"Ti òkè Ọya ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ ti wọlé jù, ó ń gé funfun gbágùúdá dànù mọ́ èèpo, kò sì mọ̀. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí kò fi ń wá sábẹ́ igi mọ́.

Nígbà tí a délé, ó sá gbogbo aṣọ náà tán kó tó bá mi sọ̀rọ̀.

"O túfọ̀ mi lójú ara mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní n kò mọ̀.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀." Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Mo ra ọ̀bẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà, kò lo ọdún kan nílé mọ́. Mo rà á fún èkejì, kò tó oṣù mẹ́fà. Wọ́n á jókòó láàárín àgbà, wọ́n á gbọ́ nípa ayé, ayé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ìwọ nìkan ló kù tí n kò tíì ra ọ̀bẹ fún."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, "Màámi, ẹ ò ra ọ̀bẹ fún Bàámi."

Ó wò mí. Mo sọ nínú ara mi pé ó tán lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà sì ń bọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán. Ó ní, "Òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Èyí yẹn kò gba ọ̀bẹ kankan lọ́wọ́ mi." Lẹ́yìn náà ló ní kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀, kí n lọ wá nǹkan jẹ.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀. Nídìí alágbẹ̀dẹ, Màámi yẹ ọ̀bẹ wò bí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun níbẹ̀. Ó gbé èyí, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tẹ ìyẹn, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò. Ó sú alágbẹ̀dẹ. Ó ní, "Ìyá, ṣé ọkọ lẹ fẹ́ yàn fún ọmọ yìí ni?"

Màámi ní, "Torí pé n kò yẹ ti ọkọ wò dáadáa ni mo ṣe ń yẹ èyí wò."

Èyí tó mú nígbẹ̀yìn, èèkù igi ló ní, ó sì mọ ọwọ́ mi bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Nígbà tí a délé, ó fi lélẹ̀ níwájú mi. Mo mú un. Ó ní, "Kó má gé ọ."

Báyìí ni mo ṣe jókòó sábẹ́ máńgòrò. Mo gbọ́ àlọ́ àgbà, mo gbọ́ ẹni tó lóyún, mo di ikùn mú. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Àmọ́ bí mo bá darí wálé nírọ̀lẹ́, màá bá Màámi tó ti jẹun tirẹ̀, tó ti bu tèmi sínú abọ́ ọ̀tọ̀, tó dé e. N kò gbé àpótí lọ sẹ́yìnkùlé mọ́, torí kí ni mo tún fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ fún? Ìtàn dáwọ́ dúró. Di òní, n kò mọ ẹni tó rí i nínú oko kòkó yẹn, àbí bó ṣe dá rí ọ̀nà. N kò béèrè. Òun náà kò sọ.

Ohun tó bà á lẹ́rù kúkú ṣẹ. Kò pé ọdún méjì tí mo fi lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Ọ̀wọ̀ nítorí ilé ìwé. Láti ibẹ̀, mo lọ síwájú, iṣẹ́ dé, ọkọ dé. Bí ọdún bá dé, màá lọ kí i pẹ̀lú búrẹ́dì, màá sùn ọjọ́ mẹ́ta. Ó tọ́jọ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó dá wà.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ọ̀kadà bá gbé yín dé Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ lónìí, ẹ ó rí gbágùúdá tí wọ́n ń bó, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n háyà ni wọ́n ń bó o, kálukú dojú kọ òkìtì tirẹ̀, ó fẹ́ kí ó tán kó máa lọ. Kò sí ẹni tó ń lé ọmọdé, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí ọmọdé kò gbọdọ̀ gbọ́, kò sì sí ọmọdé tó fẹ́ gbọ́. Èmi náà bímọ mẹ́ta. Mo ti búra pé n kò ní fi nǹkan dun ọmọ bí wọ́n ṣe fi dùn mí. Bí wọ́n bá ti la ẹnu, mo ti fún wọn. Èyí àbíkẹ́yìn wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ sí òkè òkun. Kó tó sọ ọ́ parí ni mo ti ní kó lọ. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Oṣù yẹn kò tán tó fi lọ. Gbogbo ohun tí a bá ara wa sọ lórí ìrìn àjò náà kò tó ohun tí èmi àti Màámi sọ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo lórí ọ̀bẹ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí Màámi ń ṣe láwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ká ní ó fún mi lọ́jọ́ kìíní, ọjọ́ kìíní náà ni ì bá parí. Kíkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé mi jókòó tì í.

Lónìí, mo ní ilé, mo ní fóònù, mo ní oúnjẹ. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àmọ́ bí ẹnìkan nínú yín bá wọlé nírọ̀lẹ́ yìí, tó wá ibi jókòó, tó ní òun wá tọrọ nǹkan, ohun yòówù kó jẹ́, màá kọ̀ fún un. Màá kọ̀ fún un lónìí, màá kọ̀ fún un lọ́la, títí a ó fi sọ̀rọ̀ dáadáa.